Ìlà Ló Léwu, Kì í Ṣe Jangilófà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni mo ra ibi ìgbafẹ́ ọmọdé kan lọ́nà Ìyìn, l'Ádó-Èkìtì, lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Kòrónà ló ba òwò náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 2020. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n ṣí, kò mọ bí òun yóò ṣe ṣí i, ẹ̀rù bà á, ó sì tì í pa. Púlọ́ọ̀tì mẹ́ta ni ilẹ̀ náà: jangilófà, rélùwéè kékeré, bouncing castle méjì, yàrá géèmù kan àti ilé oúnjẹ. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn tó ń wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń tó 600. Bí irú àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ẹ̀ bá tún dé, tí wọ́n wá ní ká ṣí, báwo ni n ó ṣe ṣí i tí kò ní di ewu fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ? Wẹ́dà kan ní òun á bá mi ṣe ẹnubodè irin tí yóò máa fọ́n kẹ́míkà sára gbogbo ẹni tó bá ń wọlé. Ṣé kí n san owó rẹ̀? Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọgbọ́n. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la ti í tún òrùlé ṣe. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òjò bá dé, abọ́ ni yóò máa gbé kiri inú ilé.

Mo ṣe wólé-wólé ní ìjọba ìbílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ Kérésìmesì 2020, wọ́n ní kí n lọ wo ibi ìgbafẹ́ kan nínú ìlú wa yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ike omi elẹ́rọ̀ kalẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀, wọ́n kọ "Ẹ fọwọ́ yín" gàdàgbà sára ògiri. Ọmọkùnrin kan mú ìbọn tí wọ́n fi ń wo ooru ara dání, ó ń nà án sí ọwọ́ àwọn èèyàn: 33.1, 32.8, 33.4. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ń sọ òótọ́, òkú ni gbogbo wa. Ó ń mi orí, à ń wọlé.

Inú lọ́hùn-ún ni mo ti rí ohun tí mo wá wò. Ojú wíńdò tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò fẹ̀ ju ìwé ọmọ iléèwé lọ, ihò lásán ni wọ́n gé sára pákó. Àwọn ìyá tó ogójì wà níwájú rẹ̀. Ẹni iwájú ti orí bọ inú ihò náà kí ọmọbìnrin tó ń gbowó lè gbọ́ ohun tó ń sọ, nítorí pé gbohùngbohùn ńlá méjì wà lẹ́yìn wọn tó ń dún bí ààrá. Ó wá di pé kálukú ń pariwo. Ìbomú gbogbo wọn wà ní àgbọ̀n. Mo wo aago mi, mo fojú sí ọmọ kan tó wọ aṣọ pupa. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ló fi dúró láàárín èrò kó tó kan òun láti gun jangilófà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló lò lórí rẹ̀, ní gbangba ìta, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú, tí ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ sì jìnnà sí i tó nína apá méjì. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ọkùnrin kan sáré wá, ó fi bílíìsì nu ìjókòó rẹ̀ tónítóní.

Ìjókòó ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń nù o. Ìlà ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, ẹnikẹ́ni kò bojú wò ó.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dá wọn lẹ́bi jù. Ní oṣù Kẹta 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kéde pé Kòrónà kì í ṣe àrùn inú afẹ́fẹ́. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó kọ ọ́ kedere pé ó ń gbé ibẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, gbogbo ayé ń fi ọṣẹ fọ tòmátì, ìyàwó mi náà fọ̀ ọ́. Ó di oṣù Kẹrin 2021 kí CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn l'Amẹ́ríkà, tó là á mọ́lẹ̀ pé bí èèyàn bá tiẹ̀ fọwọ́ kan ibi tí kòkòrò náà bà sí, kì í sábà tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000 tí yóò torí ẹ̀ kó o. Èémí ni ọ̀nà rẹ̀, ohùn ló sì ń tì í jáde. Ẹni tó dákẹ́ ń mí jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń pariwo tàbí tó ń kọrin ń tú u jáde bí ìgbà tí alágbàfọ̀ bá bu omi sẹ́nu, tó fẹ́n ọn sára aṣọ tó fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta 2020, ẹgbẹ́ akọrin kan ní Skagit, ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, péjọ láti dán orin wò fún nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Àwọn 61 ló wà níbẹ̀. Àìsàn mú 53 nínú wọn, méjì sì kú.

Àwọn ará Japan tètè gbọ́ èdè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ àwọn onílé-ìgbafẹ́ wọn ṣe ìlànà síta ní 2020 pé kí àwọn oníbàárà má pariwo lórí ọkọ̀ ojú irin tó ń gòkè tó ń já ṣòòròṣò. Ní oṣù Keje ọdún náà, ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Fuji-Q Highland ya fídíò kan: àwọn ọ̀gá méjì wọ kóòtù, wọ́n so táì, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú wọn kò yí, ẹnu wọn kò là. Wọ́n wá kọ ọ́ sí ìparí rẹ̀ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pariwo sínú ọkàn yín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ Adó wo lẹ máa rí kó gun jangilófà kó sì gbé ariwo mì? Ẹ má da ara yín láàmú lórí ìyẹn, ìta gbangba ni jangilófà wà. Ariwo tẹ́ ẹ lè pa ni èyí tó wà lórí ìlà, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kàn pa gbohùngbohùn. Bí orin bá wálẹ̀, àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀ wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kòrónà ni mo ń sọ bọ̀ yìí ṣá. Àjàkálẹ̀ tó ń bọ̀ lè má gba ọ̀nà kan náà. Bó bá jẹ́ onígbáméjì, omi àti oúnjẹ ni ọ̀nà rẹ̀. Ilé oúnjẹ àti ṣáláńgá yín lẹ ó kọ́kọ́ mójú tó, ìbomú kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Ebola, ara kíkàn àti omi ara aláìsàn ni. Bó bá jẹ́ ibà Lassa, eku ni. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ìgò kan ṣoṣo, ẹ béèrè pé: ọ̀nà wo ló ń gbà wọ ara? Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà l'Ékìtì, gbogbo wọn ló sì ní òṣìṣẹ́ ìlera tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ àrùn, kó sì máa jábọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ mọ tiyín nísinsìnyí tí ara le. Òun ni yóò lè sọ fún yín bóyá àrùn ń gòkè tàbí ó ń rọlẹ̀ nínú ìlú, nítorí pé "ìjọba ní ká ṣí" kò túmọ̀ sí pé àrùn ti lọ. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje 2020 ni Disney bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ibi ìgbafẹ́ wọn ní Florida. Lọ́jọ́ kejì, ìpínlẹ̀ náà kéde pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn lára wọn ju 15,000 lọ lójúmọ́ kan ṣoṣo. Ní California, Disneyland wà ní títì fún 412 ọjọ́, títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹrin 2021. Àrùn kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ìjọba méjì ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ilẹ̀ yín. Púlọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni, ìyẹn 7,200. Mẹ́ta jẹ́ 21,600. Bí ẹ̀rọ, ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì àti jẹnẹrétọ̀ bá gba ìdajì rẹ̀, 10,800 ló kù fún ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ má ka èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan o. Agbo ilé ni kẹ́ ẹ kà, nítorí pé àwọn tó jọ sùn sórí ẹní kan náà lóru àná ti pín èémí ara wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní àyè ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10. Ó di agbo ilé 108. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè iṣu, ibi tí nǹkan bá ti ń dùn ni wọ́n ń rọ́ lọ. Ẹ gé e sí méjì, kẹ́ ẹ sì mú un sí 50 kọ́kàn yín lè balẹ̀. Bí ẹni mẹ́rin-mẹ́rin bá wà nínú agbo ilé kan, 200 èèyàn nìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdámẹ́ta ohun tẹ́ ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ ni. Kò sì jìnnà sí ohun tí wọ́n ṣe ní Shanghai nígbà tí Disney ṣí ibẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún 2020: ibi tó lè gba 80,000 lóòjọ́, ìjọba ní kò gbọdọ̀ kọjá 24,000, ilé iṣẹ́ náà sì mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó kéré sí ìyẹn.

Mo mọ̀ pé àyà yín ti já. Ẹ sinmi. Ẹ pín ọjọ́ sí mẹ́ta: aago mẹ́wàá sí méjìlá, aago kan sí mẹ́ta, aago mẹ́rin sí mẹ́fà. 200 lọ́nà mẹ́ta, 600 yín náà nìyẹn. Àwọn kan á kùn pé wákàtí méjì kéré, wọ́n á ní ọdún kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Ẹ lọ bá télọ̀ yín, ẹ gba àjákù àǹkárá lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ: pupa fún òwúrọ̀, àwọ̀ ewé fún ọ̀sán, aró fún ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí aago méjìlá bá lù, ẹni tó bá so pupa ń lọ sílé nìyẹn, kò ní ariyànjiyàn nínú. Wákàtí kan tó wà láàárín, àwọn òṣìṣẹ́ yín á fi jẹun, wọ́n á fi nu ibi tí ọwọ́ ń kàn jù, wọ́n á sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti tà á tán, lórí WhatsApp, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí báńkì. Ẹni tí kò bá ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé tábìlì kan síta lẹ́yìn ọgbà fún un. Bí ẹ bá ní irú ihò pákó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tú u dànù lónìí, ẹ má dúró de àrùn kankan.

Ti ìlà ló wá kù, ibẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ ná owó yín sí. Ìlà tó dára jù ni èyí tí kò sí. Nígbà tí Europa-Park ní Jámánì ṣí ní ìparí oṣù Karùn-ún 2020, fóònù ni wọ́n fi ń fún àwọn èèyàn ní àkókò tí wọ́n máa gun àwọn ẹ̀rọ kan. Dípò kí wọ́n dúró lórí ìlà, wọ́n á máa rìn kiri títí á fi kàn wọ́n. Àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe láìsí fóònù, ó ti pẹ́ tí ilé ìwòsàn wa ti ń pín nọ́ńbà. Ẹ gé páálí, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ fún jangilófà, kí ìyá àti ọmọ lọ jókòó sábẹ́ igi. Kí ẹnì kan máa lu agogo, kó máa kọ nọ́ńbà sára pátákó: "Ọ̀kan sí mẹ́wàá." Mẹ́wàá nìkan ni yóò dìde. Ẹ kíyè sí ibi tóóró pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti dé Ìkógòsì rí á mọ ohun tí mò ń wí: ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, igi wà, atẹ́gùn wà, ṣùgbọ́n ojúkò tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù ni gbogbo èèyàn ń fún ara wọn mọ́ nítorí fọ́tò. Ilẹ̀ fífẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ rìn káàkiri ọgbà yín lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, ẹ wo ibi tí èjìká ti ń kan èjìká. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹnu ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí gúgúrú ti ń gbóná.

Bouncing castle lẹ máa fẹ́ bá mi jà lé lórí, nítorí mo mọ̀ pé òun ló ń pawó jù. Òun ni kẹ́ ẹ ṣí gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé rọ́bà tí wọ́n fi rọ́bà yí ká, wọ́n ń fò, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, wọ́n ń ké, wọ́n ń ṣubú lé ara wọn, itọ́ ẹni kan ń wọ ojú ẹnì kejì. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn ọmọ, inú rọ́bà ló ń fẹ́ ẹ sí. Nígbà tí àrùn bá ti rọlẹ̀ dáadáa, ẹ lè ṣí èyí tí kò ní òrùlé, fún ọmọ agbo ilé kan náà tàbí àwọn tó jọ wá, márùn-ún péré, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yàrá géèmù ńkọ́? Ẹ tì í pa, àyàfi bí ẹ bá lè yọ gbogbo lúfà fèrèsé, kẹ́ ẹ fi fáànù kan kọjú síta kó máa lé èémí inú yàrá jáde. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń yí afẹ́fẹ́ kan náà ká inú yàrá títì ló burú jù. Ibi kan ṣoṣo nìyí tí mo ti rí NEPA tó ṣe wá lóore.

Ìbomú: gbogbo àgbà tó bá wọlé, kó lò ó nílé ìgbọ̀nsẹ̀, nínú yàrá àti níbi tí èèyàn bá ti pọ̀. Àwọn ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, ẹ má fipá mú wọn, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF sọ ní 2020 náà nìyẹn. Lórí jangilófà, kí ọmọ bọ́ ọ sápò, kó má baà fò lọ há sínú ẹ̀rọ.

Ìbọn ooru ara, ẹ lè rà á bí ìjọba bá ní dandan ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹni tó ti kó Kòrónà lè máa tú u jáde fún ọjọ́ méjì kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ ọmọdé kò sì ní gbóná láéláé. Wọ́n á gbé e délé fún ìyá àgbà. L'Ékìtì wa yìí, ẹ ẹ́ rí i pé ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kì í ṣe díẹ̀, ìyá àgbà yẹn sì ni àrùn náà máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù.

Ẹni tí mo bẹ̀rù ju oníbàárà lọ ni òṣìṣẹ́. Oníbàárà á lo wákàtí méjì, á lọ. Òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń di bẹ́líìtì fún ọmọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Níbi ìgbafẹ́ tí mo sọ yẹn, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń wúkọ́ sínú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ló dé tí kò jókòó sílé.

"Bàbá, ₦1,500 ni wọ́n ń fún mi lóòjọ́. Bí mi ò bá wá, kò sí."

N kò rí ohun tí mo lè sọ fún un. Bílíìsì tí wọ́n rà lọ́sẹ̀ yẹn nìkan á ti san owó ọjọ́ mélòó kan fún un. Ìyá Ìbejì, ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ nísinsìnyí fún àìsàn àwọn òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, tó bá pè yín láàárọ̀ tó dúró sílé, á gba owó rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yọ èyí kúrò, ẹ̀ ń tan ara yín ni, nítorí wọn á máa mu páránsítámọ́ọ̀ wá síbi iṣẹ́, ìbọn yín á sì máa sọ pé ara wọn tutù. Ẹ tún pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè má pàdé àwọn tó ń ṣe é lọ́jọ́ Tọ́sìdeè sí Sátidé. Bí àìsàn bá wọ apá kan, apá kejì á lè dúró.

Ẹ kọ orúkọ olórí agbo ilé kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti àwọ̀ àǹkárá tó so. Ẹ pa á mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dáná sun ún. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló gbà wá nígbà Ebola ní 2014. Àrùn náà wọ Èkó ní oṣù Keje, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá tọ àwọn tó bá aláìsàn pàdé lẹ́sẹ̀, àwọn tó tó 900, láti ilé dé ilé. Àwọn 20 ni Ebola mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé a ti bọ́. Láìsí orúkọ àti àdírẹ́sì, ta ni wọn ì bá lọ bá?

Ẹ tún múra àtitì padà. Hong Kong Disneyland ṣí ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà 2020, ó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje kó tó tún tì. Oṣù kan kò pé. Ẹ ṣe ìlérí fún ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ pé bí wọ́n bá tì wá, owó yín ń bẹ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́ á ṣì gbé e wá, kí owó má baà ṣòfò.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ kò béèrè, tó sì lè pa èèyàn kí àrùn tó dé: ẹ̀rọ tó ti sùn fún oṣù mẹ́fà. Òjò ti pa á, ìpẹta ti jẹ bóòtù rẹ̀, eku ti gé wáyà. Mo ti rí agbọ́n tó kọ́lé sábẹ́ ìjókòó jangilófà, mo sì ti rí ìgbà tí wọ́n ká tapólì tó bo rélùwéè kúrò, tí ejò wà níbẹ̀ tó ká jọ bí òṣùká. Kẹ́ ẹ tó pe ọmọ kan, ẹ pe mẹkáníìkì tó mọ ẹ̀rọ náà. Kí ó kọ́kọ́ yí i ní òfìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ bu iyanrìn sínú àpò, kí ó wúwo tó ọmọ, ẹ di í ní bẹ́líìtì sórí gbogbo ìjókòó, kí ó yí i ní ogún ìgbà, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ti gbàgbé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àpò iyanrìn kọ́ ọ padà. Ẹ da gbogbo omi tó wà nínú táǹkì nù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi kó máa tú fún ìgbà díẹ̀. Nínú ilé ìtọ́jú ẹrù àti ilé oúnjẹ, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ìgbẹ́ eku, nítorí ibà Lassa máa ń bá eruku rẹ̀ wọ imú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ẹ wọ́n bílíìsì sí i kó rin, kẹ́ ẹ tó fi àkísà kó o.

Bílíìsì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, kọ́ọ̀pù kan sínú kọ́ọ̀pù omi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti tó fún ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí ọwọ́ ń kàn. Ọṣẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, nítorí ìdọ̀tí ń pa agbára bílíìsì. Ẹ má da á pọ̀ mọ́ kẹ́míkà mìíràn.

Wẹ́dà yín wá kù. Irú ẹnubodè yẹn pọ̀ káàkiri ní 2020, àwọn báńkì àti ọjà kan náà ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọ́n kẹ́míkà sára èèyàn: ó ń ta ojú, ó ń ta awọ ara, ó ń dí àyà, ẹni tó sì ti gbé àrùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ni kẹ́míkà ara aṣọ yóò ṣe fún un? Ẹ má san owó rẹ̀. Bó bá ti ra irin sílẹ̀, ẹ ní kó fi ṣe bẹ́ńṣì mẹ́wàá fún àwọn ìyá tó ń dúró de nọ́ńbà, kó sì gbé wọn kalẹ̀ sábẹ́ igi, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.